Alága Tó Fi Òfin Pa Àárín Rẹ́

Bí ẹ bá ti rí ènìyàn tó ń kí ara rẹ̀, tó sì tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ẹ ti mọ Ọnọrébù Godspower Olówòkéré díẹ̀. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Bọ́ọ̀lù ní Obè-Ayọ̀, ìlú kékeré tí a fi pátákó kọ́ sáàárín òkun àti ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń rin wákàtí méjì kó tó gbé ènìyàn débẹ̀ láti Igbókọ̀dá. Olówòkéré kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù kàn án lára, ikùn ló bà á, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun ti fara gbọgbẹ́ nítorí eré ìdárayá.

Ilé rẹ̀ kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí pápá. Àwa yòókù a máa gba orí afárá pátákó débẹ̀ ká tó pajú pẹ́. Ọnọrébù kò jẹ́ rìn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e, ọkọ̀ náà á sì yí gbogbo ìlú po kó tó gúnlẹ̀, kí àwọn tó ń sá ẹja, àwọn tó ń wẹ ọmọ àti àwọn tó wà nílé ìyàgbẹ́ lè rí i. Fẹ́yìsayọ̀, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tírínrín kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, á dúró sí iwájú ọkọ̀, á máa ké pé: "Ẹ dìde o! Òpómúléró bọ́ọ̀lù ń bọ̀! Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù fi dákẹ́ jẹ́ẹ́!"

Òfin sì ni pé bí ó bá ti ń bọ̀, eré gbọ́dọ̀ dúró. Ní ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọmọ wa, aṣọ́lé àwọn àlejò ti ṣubú, ojú ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni Ọnọrébù bá yọ. Gbogbo ènìyàn nàró. Ó jókòó, ó tún agbádá ṣe, ó dìde, ó juwọ́, ó tún jókòó. Nígbà tí wọ́n máa fi ní kí eré máa lọ, òkun ti kún, omi ti bo ìdajì pápá níhà ibẹ̀, aṣọ́lé sì ti dìde. Ẹ bi mí bóyá ó tọrọ àforíjì. Ó ní òkun ló yẹ kó tọrọ àforíjì.

Àmọ́ orí pápá kọ́ ni bọ́ọ̀lù ti ń gbóná jù ní Obè-Ayọ̀. Ilé pátákó Hánà ni. Hánà jẹ́ opó kan tó ń yan ẹja, ó ní tẹlifíṣàn kan àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, ibẹ̀ sì ni gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń wọ́ sí bí eré bá ti parí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀: Promise.

Ẹni ogún ọdún ni Promise. Jásì nọ́ńbà mẹ́fà ló ń wọ̀, ìdí àárín ló ń dúró sí, ní iwájú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òkun ló gbé ilé bàbá wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, ti pátákó ti òrùlé, òun àti Rejoice àbúrò rẹ̀ sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní.

"Ẹ má tan ara yín," ni Ọpẹ́fólúwa wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Awakọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni, kì í lè sọ̀rọ̀ láìpariwo. "Ọmọ tó lẹ́sẹ̀ báyìí, kí ló ń wá lẹ́yìn? Ẹ gbé e síwájú kó máa gbá a wọlé! Góòlù mélòó ló ti jẹ lọ́dún yìí? Ẹyọ kan! Ẹyọ kan náà, ìdí ló fi gbá a!"

Hánà kò gbé ojú kúrò lára ẹja tó ń yí padà. "Ìwọ máa ka góòlù. Èmi ń ka kókó." Ó fa okùn kan yọ lára odi. Ohun tó máa ń ṣe ni pé bí Promise bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, á ta kókó kan sórí okùn. "Eré ọjọ́ Sátidé, kókó mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọn ì bá ti dé ojú ilé wa. Ṣé ìdí ló fi gba ìyẹn náà?"

"Ṣé ìyẹn wá di góòlù ni?"

Bàbá Jòhánù ló dá a lóhùn. Àwọ̀n ni bàbá náà ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bá a níbi irọ́ nínú wíwọn nǹkan rí. "Ọma mi Ọpẹ́fólúwa," ó ní, "nígbà tí o bá ju àwọ̀n sómi, kí lo ń rí lókè?"

"Àwọn tó ń léfòó ni, Bàbá."

"Kí ni o kì í rí?"

"Òjé tó wà nísàlẹ̀."

"Ó dáa. Já òjé náà kúrò, kó o wá so ó mọ́ òkè, kó lè máa dán ní ojú ènìyàn. Lọ pẹja. Tó o bá dé, wá pè mí jẹun."

Ẹ̀rín bú sáyé. Ọpẹ́fólúwa náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́, àmọ́ ó yẹ kí òjé náà máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, Hánà ní díẹ̀díẹ̀ yẹn lòun náà fara mọ́, Bàbá Jòhánù ní díẹ̀ mélòó, iyàn tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tí ń bínú, kò sẹ́ni tí ń borí, ẹja Hánà sì ń tà.

Àfi bí Ọnọrébù ṣe gba ìta kọjá tó gbọ́ ẹ̀rín. Kò sí ohun tó ń dun ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú tó kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín níbi tí òun kò sí. Ó wọlé tòun ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjìlá, ilé Hánà mì tìtì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin tí mo jẹ́ orí fún, tí ẹ̀ bá jẹ́ ọrùn lásán láìsí mi! Mo gbọ́ pé ẹ ń jiyàn nípa bọ́ọ̀lù. Ta ló fún yín níwèé àṣẹ? Ṣé èmi tí mo gbọgbẹ́ níkùn nítorí eré yìí ni kò tó fi ọ̀rọ̀ lọ̀? Ibo ni ọmọ yẹn ń dúró sí?"

Ọlọ́rundáre, olùkọ́ ilé ìwé tó tún jẹ́ kóòṣì wa, dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Alága, ìdí àárín ni, níwájú àwọn aṣọ́ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn!" Ọnọrébù di àyà mú. "Akọ̀wé, àwòrán ta ló wà láyà jásì tí mo fún wọn?"

"Ti ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ọlọ́jọ́ pípẹ́!" ni Fẹ́yìsayọ̀ wí.

"Ojú mi ló ń dúró sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá! Ojú mi! Ẹ̀ ń jiyàn ibi tó dára fún ọmọdé, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ibi tó dára fún ojú mi! Láti òní lọ, Promise di ẹni iwájú pátápátá. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa wà níwájú rẹ̀ ju aṣọ́lé ọ̀tá lọ."

Kóòṣì dá ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Alága, bó bá lọ síwájú, ta ni yóò wà láàárín?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí kò bá sì ní ìdáhùn sí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n, òfin ló kù fún un láti ṣe. Ọnọrébù gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Kò sí àárín mọ́! Mo ti pa á rẹ́. Ibi tí ẹ̀ ń pè ní àárín tẹ́lẹ̀, Iwájú Kejì lorúkọ rẹ̀. Ní Obè-Ayọ̀ tèmi, iwájú la ní, ẹ̀yìn di èèwọ̀."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjèèjìlá pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Fẹ́yìsayọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ó fà á nílà lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí òfin náà ṣe wọ ìlú nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà Hánà ń bèèrè pé, "Màmá Hánà, ẹ gé ẹja yẹn fún mi ní iwájú kejì." Àwọn awakọ̀ ń pe ẹni tó bá fẹ́ jókòó láàárín ọkọ̀ pé kó bọ́ sí iwájú kejì. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ sá jáde láàárín ìsìn sọ fún pásítọ̀ pé iwájú kejì ìsìn ló ti sá lọ. Ọnọrébù gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ìgbọràn ni. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ta ló fẹ́ sọ fún un?

Eré tó kàn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tó máa gbé wa dé ìparí ìdíje àwọn ìlú etí òkun, ni wọ́n ti dán òfin náà wò. Àmì ayò mẹ́ta sí òdo la ti fi na àwọn alátakò wa ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí àárín ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ yìí, Promise dúró síwájú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò bá onílé. Àwọn ọ̀tá ń gba Iwájú Kejì kọjá bí ẹní ń gba ọjà kọjá lọ́jọ́ tí wọn kò ná an. Wọ́n jẹ mẹ́rin, a jẹ méjì. Okùn Hánà kò ní ju kókó mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ìgbà tí Promise gbàgbé òfin tó sáré padà sẹ́yìn, tí Fẹ́yìsayọ̀ fi ń ké mọ́ ọn pé, "Ojú Alága! Gbé ojú Alága síwájú!"

Nígbà tí wọ́n ro ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, àmì ayò kan péré la fi yọ. Àwa mí kanlẹ̀. Ọnọrébù dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó ní: "Ṣé ẹ rí i? Òfin mi ló gbé wa dé ìparí!"

Ọjọ́ kẹta, ìpè wọlé láti Àkúrẹ́. Kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbẹ̀ ló pe Ọlọ́rundáre. Ó ní àyè ẹnìkan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun, òun ti gbọ́ nípa nọ́ńbà mẹ́fà kan létí òkun tí ń gba bọ́ọ̀lù kí bọ́ọ̀lù tó mọ̀, òun á wá wò ó ní ìparí ní Sátidé. Bó bá wù òun, ọmọ náà á bá òun lọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ á fún un nílé tí yóò máa gbé. Ilé orí ilẹ̀, ẹ gbọ́ mi, ilẹ̀ tí òkun kò lè bẹ̀ wò.

Promise lọ bá Ọnọrébù nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ Alága, eré Sátidé nìkan. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi tí mo mọ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá dé tí mo wà níwájú, kò ní rí nǹkan kan lára mi. Mi ò sì mọ ìgbà tí ẹlòmíràn á tún wá."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ọnọrébù wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀, "o fẹ́ kí ojú mi padà sẹ́yìn nítorí tìẹ? Bí ará Àkúrẹ́ yẹn bá fẹ́ rí nǹkan, kó wá wo èmi."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ọmọ tí òkun gba ilé mọ́ lọ́wọ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ àwòrán.

Gbogbo wa pé sílé Hánà lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣàn. Nígbà tó yá, Hánà nu ọwọ́ mọ́ ìró. "A ó wọ ọkọ̀," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará òkè ilẹ̀. Ní Obè-Ayọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà tí ẹnu kò lè parí, a máa ń wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, wọ́n á fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sí etí. Ẹni tó bá gba ti òsì, á wọ ti òsì. Ẹni tó bá gba ti ọ̀tún, á wọ ti ọ̀tún. Bí adájọ́ bá fọn fèrè, ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bá tẹ̀ rì jù, ibẹ̀ ni ìlú wà. Bí olóyè kan bá sì pàdánù nínú ọkọ̀, oyè bọ́ nìyẹn. Bí Olówòkéré ṣe dé ipò gan-an nìyẹn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí ibà dá ẹni tí wọ́n jọ ń du oyè dúró sílé. Kò lè kọ̀ ọ́.

Kò tilẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́. "Ẹ mú ọkọ̀ wá!" ó bú jáde. "Ìlú yìí fẹ́ràn mi débi pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́!"

Bàbá Jòhánù, tí wọ́n fi ṣe adájọ́, gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ó ní, "Ọnọrébù, ọkọ̀ méjèèjì ó dọ́gba bí àṣà."

"Èmi! Kí n jókòó sínú ọkọ̀ kan náà tí àwọn ayanja ń jókòó sí? Ọkọ̀ mi ńlá ni mo máa wọ̀."

"Ọkọ̀ ńlá kì í tètè rì, Ọnọrébù."

"Kò gbọdọ̀ rì! Ta ló ń sọ̀rọ̀ rírì?"

Bàbá wò ó títí. "Ó dáa," ó ní, ó sì bá iṣẹ́ àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Fẹ́yìsayọ̀ ló kọ́kọ́ yé. Ó sáré bá ọ̀gá rẹ̀, òógùn bò ó, ó ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá ti fẹ̀ tó yẹn, ọgọ́ta ènìyàn kò lè tẹ ìlà rẹ̀ dé omi, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì jẹ́ méjìlá péré. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á pààrọ̀ ọkọ̀. Ọnọrébù ní ìtìjú ni. Ó ní kí wọ́n wá nǹkan tó wúwo sí i.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú wà ní ìsìn, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ gbé àpò yanrìn tútù ogójì sábẹ́ pátákó tí wọ́n tẹ́ sínú ọkọ̀ náà. Àpò wo ni wọ́n lò? Àpò ìrẹsì tí Ọnọrébù pín fún ìlú ní Kérésì, tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì inú rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ kejì ọdún. Àpò rẹ̀ la ṣì ń rí káàkiri.

Ọjọ́ Ẹtì pé, omi kún ní ìrọ̀lẹ́, ìlú tò sí orí afárá. Ọkọ̀ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ ẹja Ọpẹ́fólúwa, dúró lọ́wọ́ òsì, ó fúyẹ́, ìlà rẹ̀ jìnnà sí omi. Ọkọ̀ Ọnọrébù dúró lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ inú rẹ̀, ìka mẹ́ta péré ló kù kí omi kan ìlà.

Bàbá Jòhánù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Ọnọrébù, ọkọ̀ yín mà jókòó o."

"Ọlá ni," ni Ọnọrébù wí. "Ọlá wúwo."

Hánà ló kọ́kọ́ wọ ti òsì. Ọpẹ́fólúwa tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé òun ṣì gbà pé ọmọ náà lè gun òkè díẹ̀, àmọ́ òun kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù wá máa sọ ọ́ fún òun. Ọlọ́rundáre wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà náà ń sún mọ́ omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Promise kò wọ ìkankan. Àṣà ni pé ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ kì í wọ̀ ọ́. Ó dúró sórí pátákó tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì, ó ń wo omi.

Ni Ọnọrébù bá wọ tirẹ̀, agbádá mẹ́ta ló wọ̀ lé ara wọn. Àwọn méjìlá tẹ̀ lé e. Omi bo ìlà náà kíá. Fẹ́yìsayọ̀ fò sókè: "Ó ti bò ó! Ìlú ti sọ̀rọ̀! Ẹ fọn fèrè!"

Bàbá Jòhánù mú fèrè lọ́wọ́, kò fọn ọ́n. "Ẹ ṣe sùúrù. Àwọn kan ṣì ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìlú ló ní àwọn ènìyàn kan tí ń dúró sójú afárá títí wọ́n á fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń yí sí. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí rí i pé omi ti bo ìlà Ọnọrébù, ìfẹ́ Ọnọrébù kún inú wọn lójijì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní méjìméjì, ní mẹ́rinmẹ́rin, wọ́n ń ké pé àwọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ bọ́ jáde nínú ọkọ̀ òsì, wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣì í wọ̀. Ọnọrébù na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi! Àyè wà! Ẹ wọlé!" Ó dìde dúró láti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun. "Ní ọjọ́ òní tí ìtàn..."

Ìtàn kò gbọ́ ìyókù. Omi gba etí ọkọ̀ wọlé bí àlejò tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún. Ọkọ̀ náà kò dojú dé, kò já. Ó kàn ń lọ sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tòun ti gbogbo wọn, Ọnọrébù sì ṣì nàró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, títí omi fi dé àyà rẹ̀. Omi ibẹ̀ kò jìn, àyà ló mọ, ọmọ omi sì ni gbogbo wọn. Àmọ́ agbádá mẹ́ta tó mumi kò bìkítà fún ọmọ omi. Ó fà á lulẹ̀, fìlà nìkan ló kù lójú omi.

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, Promise ti wà nínú omi. Kì í ṣe pé ó sáré. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí omi tó bo etí ọkọ̀, ó ti dúró síbi tí Ọnọrébù máa ṣubú sí. Ó fi apá gbé e sókè lọ́rùn, ó fà á sí ìdí òpó afárá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé òpó náà. Ó padà lọ fa Fẹ́yìsayọ̀.

"Ṣé ẹ rí ibi tó dúró sí?" ni Bàbá Jòhánù bi Ọpẹ́fólúwa, ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mo rí i," ni Ọpẹ́fólúwa wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò pariwo.

Nígbà náà ni Bàbá fọn fèrè. Ọnọrébù tu omi jáde lẹ́nu, ó di òpó mú, ó ké pé: "Mo borí! Òfin ní èyí tó bá rì jù! Tèmi ló rì jù! Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ hàn mọ́!"

"Ó rì lóòótọ́," ni Bàbá Jòhánù wí. "Ènìyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

Gbogbo wa wo ọkọ̀ ọ̀tún. Kò sí ẹnìkan. Àwọn tí ìfẹ́ rẹ̀ kún inú wọn ti ń wẹ̀ bọ̀ wá sí ọkọ̀ òsì, wọ́n ń bẹ Hánà pé kó na ọwọ́ sí àwọn. Àwọn àpò kan tí ìdí wọn já sì ti léfòó wá sókè láìsí yanrìn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ojú Ọnọrébù lára wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti iwájú kejì.

Ẹ̀rín ìlú yẹn, wọ́n gbọ́ ọ títí dé Òde Mahín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iyàn tún bẹ̀rẹ̀ nílé Hánà, èyí tó gbóná jù láti ìgbà tó ti ń yan ẹja: ibo ló dára jù fún Olówòkéré? Ọpẹ́fólúwa ní kí wọ́n fi sílé. Ọlọ́rundáre, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí lẹ́yìn mọ́, ní kò sẹ́ni tí kò wúlò níbi kan. Bàbá Jòhánù ronú, ó ní: "Bọ́ọ̀lù wa máa ń bọ́ sómi. Kò sì sẹ́ni tí ń mú un wá."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Ní Sátidé, nígbà tí àwọn àlejò ìparí dé, tí ará Àkúrẹ́ jókòó ti Hánà lórí àga pátákó, Olówòkéré wà lẹ́yìn ìlà níhà òkun, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, omi ń fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dìde fún un. Promise wà láàárín, jásì funfun kan tí kò ní ojú ẹnikẹ́ni ló wọ̀, okùn Hánà sì ti ní kókó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó parí, òdo sí òdo. Promise gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, ẹni náà fi ìbínú ta á dànù lẹ́sẹ̀ Promise, ó bọ́ sómi. Tiwa ni jíjù. Àwọn ọ̀tá kò tíì tò padà. Olówòkéré mú bọ́ọ̀lù náà. Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí gbogbo ojú wọn wà lára rẹ̀, àyà rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ là. "Ẹ̀yin ènìyàn mi..."

Promise ti dé etí omi, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Alága," ó ní wẹ́rẹ́, "ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù."

Olówòkéré wo ọmọ náà. Ọwọ́ yẹn ló gbé e lọ́rùn lánàá. Ó pa ẹnu dé, ó ju bọ́ọ̀lù sí i.

Promise jù ú, ó gbà á padà, ó fi ránṣẹ́ gba àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò rí, ọmọ iwájú wa sì kàn fi ẹsẹ̀ kàn án ni. Mi ò mọ bí ariwo náà ṣe tó. Ará Àkúrẹ́ kò pariwo; ó gba okùn lọ́wọ́ Hánà, ó ń fọwọ́ ka àwọn kókó náà.

Ní àárọ̀ Àìkú, Promise àti Rejoice tẹ̀ lé ará Àkúrẹ́ náà wọ ọkọ̀ Ọpẹ́fólúwa lọ sí Igbókọ̀dá, àpò kan péré ni ẹrù wọn. Gbogbo ìlú ló sìn wọ́n dé afárá. Olówòkéré náà wá, ó fi ẹsẹ̀ rìn, ogójì ìṣísẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun lòun ju bọ́ọ̀lù náà. Kò purọ́. Láti ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe fún wa nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa.